Cong, abúlé tí omi ibẹ̀ ń gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, Ireland kì í ṣe London o. Látìgbà tí mo ti dé ni àwọn èèyàn Tàkíé nílùú wa Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń kí mi kú àbọ̀ London, màmá tó ń ta èlùbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tiẹ̀ bi mí pé ṣé mo rí Ọba Charles, mo ní rárá mà, ìlú ọ̀tọ̀ ni, òkun ló wà láàárín wọn, owó tí wọ́n ń ná ọ̀tọ̀ ni, físà wọn gan-an ọ̀tọ̀ ni, àwọn ará ibẹ̀ ò sì fẹ́ kéèyàn pè wọ́n ní ọmọ Gẹ̀ẹ́sì rárá, inú máa ń bí wọn sí i ju bí ẹ bá pe ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní ará Ìlọrin lọ. Àlàyé náà ti sú mi ni mo ṣe ní kí n kúkú kọ ọ́ síbí, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ kó wá kà á.

Àbúrò mi obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Galway ló ní kí n wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ àwọn. Galway wà létí òkun ní ìwọ̀ oòrùn Ireland, béèyàn bá tún fẹ́ kọjá ibẹ̀ omi ni, àfi tó bá ń lọ sí Amẹ́ríkà. Ìlú tó dáa ni o, ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe èèyàn ìlú ńlá, mo ti sọ fún wọn látilé pé oko wọn ni mo fẹ́ rí. Ni ọkọ àbúrò mi bá ní òun mọ ibì kan, abúlé tí wọ́n ń pè ní Cong, adágún méjì ló há a sáàárín, Lough Corrib lápá kan, Lough Mask lápá kejì. Sátidé kan nínú oṣù Júnù la gbéra, èmi, àbúrò mi, ọkọ ẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn méjèèjì tó ń pè mí ní Big Mummy, kúlà oúnjẹ wà ní búùtù torí àbúrò mi ò gbà pé oúnjẹ òyìnbó lè yó ọmọ ajílété, ọmọ ibi tí wọ́n gbé ń jẹka kí wọ́n tó mùkọ yangan.

Láti Galway síbẹ̀ ò tó wákàtí kan nínú mọ́tò. Bẹ́ ẹ bá ti kúrò ní títì ńlá, ojú ọ̀nà á bẹ̀rẹ̀ sí í há, ọgbà òkúta lọ́tùn-ún lósì, òkúta tí wọ́n kàn tò léra láìsí sìmẹ́ǹtì láìsí amọ̀, ẹ máa rí ìmọ́lẹ̀ láàárín ẹ̀. Mo ní ṣé kò ní wó ni, ọkọ àbúrò mi ní àlàfo yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kó wó, atẹ́gùn á gba inú ẹ̀ kọjá dípò kó máa tì í. Àgùntàn pọ̀ ju èèyàn lọ, wọ́n sì fi ọ̀dà sàmì sí wọn lẹ́yìn, òmíràn búlúù, òmíràn pupa, kí olówó ẹran lè mọ tiẹ̀ torí orí òkè kan náà ni ti gbogbo wọn ti ń jẹ̀. Ó yẹ ká mú un wá sílé jàre, ẹjọ́ ewúrẹ́ á dín kù ní agboolé wa.

Ohun tó wù mí jù lọ́nà yẹn ni ìkíni wọn. Mọ́tò tó bá pàdé wa, awakọ̀ ibẹ̀ á gbé ìka kan sókè lórí sítíárìn, kò ní juwọ́ o, ìka kan péré, ó ti kí yín nìyẹn. Mo bi ọkọ àbúrò mi pé ṣé ó mọ̀ wọ́n ni, ó rẹ́rìn-ín, ó ní "Àǹtí, mi ò mọ ọ̀kankan nínú wọn, bí wọ́n ṣe ń ṣe lóko wọn nìyẹn mà, tẹ́ ẹ bá dé Dublin kò sẹ́ni tó máa wojú yín." Nígbà tó yá èmi náà ti ń gbé ìka sókè láti ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, àtọlọ́pàá àtàgbẹ̀ ni mo kí, ọmọ Yorùbá sá ni mí, wọn ò lè kí mi kí n má jẹ́ ẹ.

Abúlé náà kéré. Bóyá igba èèyàn ló ń gbé ibẹ̀, kó má tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, àdúgbò kan ní Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n jù ú lọ fíìfíì. Títì ibẹ̀ ò ju méjì mẹ́ta lọ, òdòdó kún ojú fèrèsé wọn, ilé ọtí wà, ṣọ́ọ̀bù súwẹ́tà onírun àgùntàn wà, ààlà ìpínlẹ̀ Mayo àti ìpínlẹ̀ Galway sì gba ibẹ̀ kọjá. Àlejò ló pọ̀ ju onílé lọ. Fíìmù kan tí John Wayne àti Maureen O'Hara wá ṣe níbẹ̀ ní 1951 ló ṣì ń fà wọ́n, wọ́n tiẹ̀ ṣe ère àwọn méjèèjì síbẹ̀, John Wayne gbé obìnrin náà dání, àwọn àgbàlagbà Amẹ́ríkà tò síwájú ẹ̀ fún fọ́tò. Èmi ò wo fíìmù náà rí, mo kàn kọjá lọ ní tèmi.

Omi ni kẹ́ ẹ bi mí. Bẹ́ ẹ bá ti sọ̀ nínú mọ́tò, ìró omi lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Odò wà lẹ́yìn ilé, odò wà lábẹ́ afárá, odò wà lẹ́bàá ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, ó mọ́ débi pé mò ń ka òkúta ìsàlẹ̀ ẹ̀, mo sì ń rí ẹja tó kọjú sí ìṣàn omi tí kò sún síwájú tí kò sún sẹ́yìn. Mo wá ń wo ibi tí odò yìí ti wá, torí àwọn odò tí mo mọ̀, Ọbà o, Ọ̀ṣun o, ẹ lè tẹ̀ lé wọn lọ sókè títí ẹ ó fi débi orísun wọn. Ti Cong ò rí bẹ́ẹ̀. Lough Mask ló wà lókè, Lough Corrib wà nísàlẹ̀, Corrib yìí ló sì tóbi jù nínú gbogbo adágún orílẹ̀-èdè Ireland, ilẹ̀ tó là wọ́n láàárín ò ju kìlómítà díẹ̀ lọ, kò sì sí odò kankan lórí ilẹ̀ tó gbé omi ti ọ̀kan dé èkejì. Abẹ́ ilẹ̀ ni omi náà ń gbà. Ó á wọlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó á rìn nínú ihò inú òkúta, á wá tú jáde lójijì ní Cong, ó di odò nìyẹn, kò sì ní rìn jìnnà kó tó wọ Corrib.

Òkúta ibẹ̀ ló fà á. Òkúta tiwa ní Ògbómọ̀ṣọ́ le koko, ẹni tó bá ti gbẹ́ bòhóólù rí nílùú wa á jẹ́rìí mi, ẹ̀rọ á máa lù ú, owó á máa lọ, bí wọn ò bá bá ibi tó ti sán pàdé kò sómi. Tiwọn, irú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ ṣe sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò ni. Omi òjò máa ń jẹ irú òkúta bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe lọ́jọ́ kan o, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni, á jẹ ẹ́ títí ojú tó sán á fi di ihò, ihò á di ọ̀nà, odindi odò á wá máa gba inú ẹ̀. Òjò ò sì wọ́n wọn, lọ́jọ́ tá a débẹ̀ yẹn ó rọ̀, ó dá, oòrùn yọ, ó tún rọ̀, kí n tó mu tíì kan tán.

Nínú igbó tó wà nítòsí abúlé, ihò kan wà tí wọ́n ń pè ní Pigeon Hole, wọ́n ṣe àtẹ̀gùn òkúta sí i, ó ń yọ̀ gan-an ni, bẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ẹ máa bá odò abẹ́ ilẹ̀ yẹn níbẹ̀ nínú òkùnkùn. Àbúrò mi ò bá wa sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun ti tọ́jú eegun ẹsẹ̀ tó kán tó ní wọ́ọ̀dù, òun ò fẹ́ di aláìsàn.

Ìtàn kan wà nípa ihò yìí, màmá tó ni ilé tá a sùn sí ló sọ ọ́ fún wa lálẹ́. Wọ́n ní ọmọbìnrin kan wà láyé ijọ́un tó fẹ́ fẹ́ ọmọ ọba, ni wọ́n bá pa ọmọ ọba, wọ́n jù ú sómi, ọmọbìnrin náà sì di àwátì, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wọlẹ̀ sí. Ìgbà tó yá wọ́n rí ẹja funfun kan nínú odò, irú èyí tí wọn ò rí rí, wọ́n ní òun ni, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kàn án. Ó pẹ́ títí, ṣójà kan dé, aláìgbọràn, ó ní ẹja wo lẹ ò ní jẹ, ó mú un, ó gbé e kaná. Ẹja ò jiná. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, funfun ló ṣì wà. Ló bá ní òun á jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, bó ṣe fi ọ̀bẹ kàn án báyìí, igbe ta, ẹja di obìnrin arẹwà tó wọ aṣọ funfun, ẹ̀jẹ̀ ń dà lápá ẹ̀, ó ní kí ló dé tó o gé mi lọ́bẹ, ẹni mi ni mò ń dúró dè nínú omi yẹn, bó bá wá tí kò bá mi ńkọ́, dá mi padà kíá. Ṣójà sáré dá a padà. Wọ́n ní látọjọ́ náà ni àmì pupa ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja yẹn, níbi tí ọ̀bẹ ti bà á.

Ẹ wò ó, ọmọ Bàtíìsì ni mí, ìyá mi bí mi sínú ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n nígbà tí màmá yẹn sọ̀rọ̀ tán ohun tó jáde lẹ́nu mi ni "Ọ̀rẹ́ Yèyé o!" Ẹ lọ sí Òṣogbo, kẹ́ ẹ lọ ju ìwọ̀ sódò lójúbọ Ọ̀ṣun, kẹ́ ẹ wo ohun tójú yín máa rí. Èyí ọkùnrin nínú àwọn ọmọ àbúrò mi wá bi màmá náà pé èdè wo ni ẹja yẹn sọ, ṣé Gẹ̀ẹ́sì ni àbí Irish tí wọ́n ń kọ́ àwọn ní sùkúù. Màmá ní ìgbà yẹn lọ́hùn-ún, Irish ni. Ó dáhùn bí ẹni tó wà níbẹ̀.

Ibi tí mo pẹ́ sí jù ni ilé ẹja àwọn mọ́ńkì, àwọn ọkùnrin tó fi ayé wọn fún àdúrà nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni mímọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Feichin ló kọ́kọ́ tẹ ilé àdúrà dó síbẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún àti irinwó sẹ́yìn, èyí tí àlàpà ẹ̀ wà níbẹ̀ báyìí, wọ́n kọ́ ọ lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́yìn 1100. Ṣùgbọ́n ilé kékeré kan wà nínú odò fúnra ẹ̀, wọ́n to òkúta sínú omi, wọ́n kọ́ yàrá kan lé e, omi ń gba abẹ́ ẹ̀ kọjá. Ihò wà láàárín ilẹ̀ yàrá náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ju àwọ̀n sílẹ̀. Ààrò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí òtútù má pa mọ́ńkì tí iṣẹ́ kàn. Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ni pé wọ́n ní okùn kan wà láti ibẹ̀ dé ilé ìdáná tí wọ́n so aago mọ́, bí ẹja bá ti kó sáwọ̀n, mọ́ńkì á fa okùn, aago á dún, alásè á gbé omi kaná. Ọlọ́gbọ́n ni wọ́n jàre. Òrùlé ẹ̀ ti lọ, ògiri ṣì dúró, mo jókòó sórí òkúta ibẹ̀, mò ń wo omi láti ojú ihò yẹn, mo ń rò ó pé bóyá a lè ṣe irú ẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n odò tiwa ò ní gbà, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn á gbẹ dé kókósẹ̀, bó bá di oṣù kẹsàn-án á wá gbé ilé ẹja lọ tòun ti mọ́ńkì.

Inú ọgbà yìí náà ni ọba kan parí ayé ẹ̀ sí, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti di ti ọmọ Ọ̀yọ́. Mi ò tíì sọ fún yín pé ọmọ Ọ̀yọ́ Aláàfin ni ọkọ àbúrò mi, bó bá sì ti di ọ̀rọ̀ ọba, ẹ fún un láyè. Ó ní ọba pọ̀ ní Ireland láyé àtijọ́, kálukú pẹ̀lú ìpínlẹ̀ ẹ̀, ṣùgbọ́n ọba kan wà tó ga ju gbogbo wọn lọ, ẹni tó jẹ ẹ́ gbẹ̀yìn ni Rory O'Connor, ní 1166. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n lé ọba Leinster, Dermot MacMurrough, kúrò lórí oyè. Dermot yìí ti gbé ìyàwó ọba mìíràn sá lọ rí ní 1152, kì í ṣe èèyàn jẹ́jẹ́. Nígbà tí wọ́n lé e, ó wọkọ̀ sọdá òkun, ó lọ bá Henry ọba Gẹ̀ẹ́sì pé kó jẹ́ kóun kó jagunjagun wá gba oyè òun padà. Wọ́n dé ní 1169. Wọ́n bá a gba oyè ẹ̀ lóòótọ́, wọn ò wá lọ mọ́. Dermot kú ní 1171, ọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra ẹ̀ gúnlẹ̀ lọ́dún yẹn, bí ìṣàkóso Gẹ̀ẹ́sì ṣe wọ Ireland nìyẹn, ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún méje lọ kí wọ́n tó bọ́ lọ́wọ́ wọn. Rory ní tiẹ̀ jà, ó bá wọn ṣàdéhùn ní 1175, àwọn ọmọ bíbí inú ẹ̀ tún wá ń bá a du oyè, ó fi í sílẹ̀ ní 1183, ó wá sọ́dọ̀ àwọn mọ́ńkì Cong, ibẹ̀ ló wà tó fi kú ní 1198, àgbàlagbà kùjọ́kùjọ́.

Ọkọ àbúrò mi wò mí lójú, ó ní "Àǹtí, ta lẹ rí nínú ìtàn yìí?" Àwa méjèèjì la jọ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, Àfọ̀njá! Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó bá Aláàfin Aólẹ̀ jà, tó jókòó sí Ìlọrin, tó ní kí Álímì wá ran òun lọ́wọ́, àwọn tó wá ràn án lọ́wọ́ ló padà pa òun fúnra ẹ̀ ní nǹkan bí 1824, Ìlọrin bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀yọ́ pátápátá, nígbà tó sì máa fi di 1840, Ọ̀yọ́ Ilé ti di ahoro, Àtìbà ti kó orúkọ Ọ̀yọ́ wá sí Àgọ́. Ibi tá a ti ja ara wa níyàn ni ìgbà tó ní tí àwọn Kakaǹfò bá gbọ́rọ̀ sí Aláàfin lẹ́nu ni, Ọ̀yọ́ Ilé ò bá má tú. Mo ní ṣé ẹ ò gbàgbé pé lẹ́yìn Àfọ̀njá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Tóyèjẹ́ tó joyè Kakaǹfò, pé ìlú wa ló dúró nígbà tí àwọn ìlú yòókù ń tú, pé ọ̀dọ̀ wa ni ọ̀pọ̀ wọn sá wá kí wọ́n tó rí ibi forí pa mọ́ sí. Ó ní mi ò sọ pé Ògbómọ̀ṣọ́ ò gbìyànjú mà. Mo ní gbìyànjú kẹ̀! Ohùn wa ti ròkè nínú àlàpà ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ẹni ẹlẹ́ni, àbúrò mi ní "ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ń wò yín o."

Kí n tó gbàgbé, bàbá Rory ní kí wọ́n ṣe àgbélébùú kan ní 1123, oní góòlù àti fàdákà, iṣẹ́ ọwọ́ tó rẹwà gan-an, orúkọ abúlé yìí ni wọ́n ń fi pè é títí dòní, ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí i níbẹ̀, mùsíọ́ọ̀mù Dublin ló wà. Ohun tó dáa ò kí ń pẹ́ lábúlé níbi gbogbo láyé.

Ilé olódi ńlá kan tún wà létí Corrib, Ashford Castle, ìyẹn lọ̀pọ̀ èèyàn ń tìtorí ẹ̀ wá. Ó ti wà látọdún 1228, ìdílé Guinness rà á ní 1852, ó di hòtẹ́ẹ̀lì ní 1939. Guinness tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn náà ni, ọtí dúdú tí àwọn bàbá wa ń mu ní òde ìnáwó, tí wọ́n kọ́ ilé ìpọntí ẹ̀ sí Ìkẹjà ní 1962. A wò ó lókèèrè, ó tóbi, a ya fọ́tò, ó tán.

Alẹ́ ibẹ̀ ò kì í ṣú bọ̀rọ̀ lóṣù Júnù. Aago mẹ́wàá kọjá kí oòrùn tó wọ̀, ojú ọ̀run ṣì mọ́ títí lẹ́yìn ẹ̀, mo ń ro ti ọ̀rẹ́ mi Ìyá Ràṣídà, pé tí ààwẹ̀ bá bọ́ síbí lóṣù yìí, ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ ṣínu, ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ ṣe sààrì. Òtútù sì ń mú lóṣù tí wọ́n ń pè ní ìgbà ooru, màmá onílé dáná síyàrá ìjókòó, kì í ṣe igi ló dá o, ilẹ̀ ni. Ilẹ̀ dúdú tó ti inú ẹrọ̀fọ̀ wá, wọ́n á gé e bíi búlọ́ọ̀kù, wọ́n á sá a, tó bá gbẹ ó ń jó. Òórùn èéfín ẹ̀ ò dà bí ti igi rárá, ó wọ gèlè mi, kò sì tíì kúrò níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a ń jẹun, rédíò ń sọ̀rọ̀, mo rí i tí màmá onílé gbé ọwọ́ sókè kí gbogbo wa dákẹ́. Orúkọ àwọn tó kú ni wọ́n ń kà. Àní orúkọ òkú, pẹ̀lú abúlé ẹ̀, ibi tí wọ́n máa tẹ́ ẹ sí, ìgbà ìsìn, ibi tí wọ́n máa sin ín sí. Rédíò àdúgbò àwọn ará Mayo máa ń kà á lójoojúmọ́, ó ní bí òun ò bá gbọ́ ọ òun ò lè jáde nílé, torí ìtìjú ńlá ni kéèyàn má débi ìsìnkú aládùúgbò, àní ká ní ìyá ọ̀rẹ́ ẹni tẹ́ ẹ jọ ṣiṣẹ́ rí ló kú. Ọjọ́ méjì mẹ́ta ni wọ́n fi ń sin òkú, àwọn èèyàn á tò sẹ́nu ọ̀nà olóòkú, wọ́n á bọ gbogbo ẹbí lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tíì àti bùrẹ́dì ò ní tán. Àbúrò mi sọ fún un pé rédíò tiwa náà ń kéde òkú ní Yorùbá, pé àwọn á tiẹ̀ ka orúkọ gbogbo ọmọ, àna àti ọmọ-ọmọ pẹ̀lú ìlú tí kálukú wà. Màmá ní ìyẹn ló dáa jù. Ó wá béèrè bóyá wọ́n á ka orúkọ Galway. Mo ní ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ kà gan-an nìyẹn, ọmọ tó wà lókè òkun kọ́ ni wọ́n máa ń fi parí ẹ̀, òun ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀.

Màmá onílé yìí náà ló bi wá pé ṣé a ti rí odò tí kò lómi. Ìtọ́sọ́nà ẹ̀ la tẹ̀ lé tá a fi débẹ̀, kò jìnnà sí abúlé rárá, ibẹ̀ ni mo ṣì ń rò títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ní 1845, àrùn kan kọ lu ànàmọ́ òyìnbó, áírìṣì yẹn, nínú ilẹ̀ wọn, ó ń jẹrà sínú ebè. Ànàmọ́ yìí sì ni tálákà ibẹ̀ ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, torí ilẹ̀ kì í ṣe tiwọn, ohun yòówù kí wọ́n gbìn tàbí sìn lé e lórí, onílẹ̀ ló ń gbà á fún owó ilẹ̀. Ó di nǹkan bí 1852 kí ìyàn náà tó rọlẹ̀. Èèyàn bíi mílíọ̀nù kan kú, àwọn tó ju mílíọ̀nù kan lọ sì wọkọ̀ òkun sá lọ. Àwọn èèyàn erékùṣù náà ti ju mílíọ̀nù mẹ́jọ lọ kó tó ṣẹlẹ̀, títí dòní wọn ò tíì padà pé iye yẹn. Lójú gbogbo èyí, ọkọ̀ ṣì ń gbé oúnjẹ jáde ní èbúté wọn lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì o. Ẹ rò ó wò.

Ìjọba ìgbà náà ní àwọn ò ní fún èèyàn lówó ọ̀fẹ́, kí ẹni tébi ń pa wá ṣiṣẹ́. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ náà ni pé kí wọ́n gbẹ́ odò láti Lough Mask dé Lough Corrib, kí ọkọ̀ ojú omi lè máa gbé ẹrù láti òkè lọ́hùn-ún gba Cong kọjá dé Galway, dé òkun. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í la òkúta. Èèyàn tí kò jẹun kánú ló ń ṣe é, pẹ̀lú díígà àti òòlù, wọ́n gbẹ́ ẹ jìn, wọ́n fi òkúta gbígbẹ́ kọ́ ògiri ibi tí wọ́n fẹ́ máa gbé ọkọ̀ sókè gbé e sọ̀ kalẹ̀, iṣẹ́ náà dán, ẹ ò lè ti ọ̀bẹ bọ àárín òkúta méjì. Òkúta tí mo ti ń sọ láti òkè wá yìí, tó ní ihò nínú, òun náà ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Omi tó bá wọ̀ ọ́ á rá sílẹ̀. Ní 1854 ìjọba ní kí wọ́n dáwọ́ dúró, wọ́n kó irinṣẹ́ wọn lọ.

A sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹ̀. Koríko ló wà níbi tó yẹ kí ọkọ̀ máa gbà. Ògiri wà lọ́tùn-ún lósì, ó ga jù mí lọ, kò wó, kò yẹ̀, àwọn ọmọ ń sáré kiri níbẹ̀. Mo fọwọ́ kan òkúta kan tí ojú òòlù ṣì hàn lára ẹ̀, mò ń ro ẹni tó gbẹ́ ẹ, pé kí ló jẹ lọ́jọ́ náà, ṣé ó tún rí ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní ibi tí omi ń hó lẹ́yìn ilé gbogbo! Àbúrò mi ló bà á jẹ́, ó ní iṣẹ́ ìjọba ò yàtọ̀ níbi kankan, pé ó rán òun létí ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tó bá ti ń gba ọ̀nà yẹn lọ bá àna ẹ̀ mọ ohun tó ń sọ, bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ń fẹ́ ọkọ ẹ̀ yìí ni wọ́n ti ń ṣe é. Ọkọ ẹ̀ ní ṣùgbọ́n òkúta ibẹ̀ kọ́ ló jẹ tiwa. A rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò dùn.

Ọmọkùnrin tó béèrè èdè ẹja tún dé, ó ní kí ló dé tí wọn ò tẹ́ ọ̀rá sí ìsàlẹ̀ ẹ̀ kí omi má lè jò. Bàbá ẹ̀ ṣàlàyé fún un pé kò sí ọ̀rá nígbà yẹn, pé owó ti ń tán, àti pé rélùwéè ti dé Galway láti Dublin ní 1851, kò sẹ́ni tó tún fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi kẹ́rù. Màmá onílé sì ti sọ fún wa pé nígbà òtútù, tí òjò bá pọ̀ tí omi abẹ́ ilẹ̀ ròkè, omi máa ń kún inú ẹ̀ fúngbà díẹ̀, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò nílò ẹ̀, á tún lọ.

Ẹni tó bá lẹ́ni ní Galway tó fẹ́ débẹ̀, bọ́ọ̀sì ò pọ̀ lọ́jọ́ kan, mọ́tò ló dáa jù. Ẹ wọ bàtà tó máa ń di ilẹ̀ mú torí àtẹ̀gùn ihò yẹn, ẹ mú jákẹ́ẹ̀tì òjò, ẹ má dààmú gbé agbòòrùn, atẹ́gùn adágún á yí i sódì. Oúnjẹ ilé àlejò wọn ò burú, wọ́n ní sọ́séèjì dúdú kan tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ẹran ṣe, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó gé e. Ní ti físà, ẹ má bi mí, àbúrò mi ló bá mi ṣe gbogbo ẹ̀.